Èyí Tó Jókòó Nínú Àwòrán

Ẹnu mi ló kó bá mi, kì í ṣe ojú mi. Ohun tí mo rí nínú àwòrán yẹn, mo rí i bó ṣe rí, n kò sì rò pé olùkọ́ kankan wà láti Èrúwà dé Ìbàdàn tí ì bá rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí pé ẹni tí mo parọ́ fún ti di ẹni ilẹ̀, mi ò sì tí ì rí ẹni tí mo lè jẹ́wọ́ fún.

Èmi ni Mùínàt, ọmọ Áfà Àkíbù. Lọ́dún 1972, èmi ni wọ́n ń pè ní Tíṣà Àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà. N kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí dé láti yunifásítì, orí mi sì wú. Bàbá mi kò fẹ́ kí n máa ya ojú ènìyàn rárá. Ó ní tó bá di ọjọ́ àjíǹde, Ọlọ́run á ní kí n fẹ́ ẹ̀mí sínú gbogbo ojú tí mo ti yà. Mo dá a lóhùn pé ọjọ́ náà ni n óò wá mọ èyí tí mo yà dáadáa. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọkùnrin kan wá bá mi níléèwé. Wàhábì lorúkọ rẹ̀, pákó ló ń tà ní Igbó-Ọrà, ara Ilé Aláwòrán sì ni. Wọ́n ń pe agboolé wọn bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán ńlá kan tó wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Kì í ṣe fọ́tò o. Ọ̀dà ni wọ́n fi yà á, lórí aṣọ líle tí wọ́n kàn mọ́ igi. Ọmọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n á tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀kan jókòó sórí àga òyìnbó, èkejì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, ilà ojú wọn sì dọ́gba. Ìbejì ni wọ́n, Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ Ògúnjìmí ọdẹ tó tẹ agboolé náà dó. Nígbà tí ogun lé Ògúnjìmí dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1874, ó máa ń mú ẹran ìgbẹ́ wá fún òyìnbó kan tó ń ya ewéko àti ẹranko, òyìnbó náà sì fi àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ.

Ohun tí àlejò kò mọ̀ ni pé kí òyìnbó tó ya àwòrán náà, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti kú. Ilẹ̀gbóná ló pa á. Ìyá wọn ò jẹ, kò mu, títí Ògúnjìmí fi mú ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó lógun, tí kò ju àwọn ìbejì lọ, tó gbé e fún un pé kó máa wò ó. Orúkọ èyí tó kú ni ọmọ náà ń jẹ́. Ó dàgbà, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Bí Ilé Táyé àti Ilé Kẹ́hìndé ṣe di méjì nìyẹn, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìran ọmọ tí wọ́n kó lógun. Ògúnjìmí mú gbogbo ará ilé búra níwájú Ògún pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èwo ni. Wọ́n pa á mọ́ débi pé nígbà tó fi máa tó ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ láàárín wọn.

Mọ́gàjí ilé wá kú. Ilé Táyé ló kàn láti jẹ ẹ́, Ògúntọ́lá sì ni àgbà wọn, àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún tí kì í pariwo. Wàhábì, tó jẹ́ ti Ilé Kẹ́hìndé, ní ọmọ ẹrú kì í jẹ mọ́gàjí. Àwọn ti Ilé Táyé ní kó lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí dáadáa. Ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ewé bò bá bẹ́ síta, ó dé ọjà, ó dé oko, ó dé Ìgàngán. Ti Ìgàngán yìí ló burú jù, torí ibẹ̀ ni Búrẹ́mọ̀ tó fẹ́ fẹ́ Àpèkẹ́, ọmọ Ògúntọ́lá, ti wá. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bàbá Búrẹ́mọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn á dúró ná, kí àwọn gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, nítorí pé nílé àwọn, wọn kì í fẹ́ ọmọ ẹrú. Gbogbo èyí ni Wàhábì rò fún mi lórí ìdúró. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́, kò sì yẹ kí n sọ pé n kò mọ ohun tí ẹnu mi lè bàjẹ́.

Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè pọ̀ tó tí ikú ò ní í mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ère ni wọ́n ń gbẹ́ fún èyí tó lọ. Nígbà tó di ayé fọ́tò, àwọn ìyá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ Yẹ̀kínì onífọ́tò. Yẹ̀kínì á bo ìdajì fíìmù, á ya ọmọ náà ní apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà á gbé e sí apá òsì, á bo ìdajì tó ti yà, á tún yà á. Bí fọ́tò bá jáde, ọmọ méjì ló máa jókòó síbẹ̀. Ìyá á gbé e kọ́, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní irọ́. Wàhábì ní bàbá àgbà òun sọ pé ohun tí òyìnbó náà ṣe fún ìyá àwọn ìbejì nìyẹn, pé ojú èyí tó wà láàyè ló wò ya èyí tó ti kú. Ó wá bi mí bóyá olùkọ́ àwòrán lè wò ó kó mọ èyí tó wà láàyè. Mo ní mo lè mọ̀ ọ́n. N kò tilẹ̀ tí ì fojú kan àwòrán náà.

Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo fi wò ó. Mo ní kí wọ́n gbé e wá síta, sábẹ́ oòrùn àárọ̀, mo yọ gíláàsì tí mo fi ń wo nǹkan wínníwínní, mo jókòó tì í. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, inú ìwé ni mo ti ń rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kékeré bí páálí ìṣáná. Èyí wà níwájú mi, mo lè gbóòórùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé àpótí wá kí n jókòó lé e, ó sì dúró sẹ́yìn mi. Ó pẹ́ kó tó béèrè bóyá èyí tó dúró yẹn ń rẹ́rìn-ín ni. Mo ní kó yẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n sọ fún mi pé Àpèkẹ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ilé pé sí pálọ̀. Bàbá Adérógbà, tó dàgbà jù nínú agboolé, ló jókòó sáàárín. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń rinlẹ̀. Ó ní kí n tó sọ ohunkóhun, kí ìhà méjèèjì fẹnu ara wọn sọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọ̀rọ̀ padà tó bá yá. Wàhábì fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá Adérógbà ní kó jẹ́ kí Ògúntọ́lá kọ́kọ́ sọ.

Ògúntọ́lá dìde. Ó wo àwòrán náà bí ẹni pé kò wò ó rí.

"Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n," ó ní. "Òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Èyí tó jókòó ni Kẹ́hìndé. Ta ló máa fi ẹ̀gbọ́n sórí ìdúró kí àbúrò jókòó?"

Wàhábì ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa wo àga yẹn tí kò ní í sọ ohun kan náà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi àwọ̀ hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n wo ojú èyí tó jókòó. Lókèèrè, ẹ ó ní ó dúdú, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn. Pupa wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, pupa osùn tó ti gbẹ. Ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ níbi tí òjìji wà, aró ló wà níbẹ̀, kì í ṣe dúdú. Àwọ̀ ewé inú aṣọ rẹ̀ sì ti ta sí i lọ́rùn díẹ̀, bí aṣọ ṣe máa ń ta síni lára nínú oòrùn. Kò sí ẹni tó lè fi orí lásán ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó ń wo ènìyàn ẹlẹ́ran ara níwájú rẹ̀. Èyí tó dúró ńkọ́? Àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Níbi tí òjìji bá wà, òyìnbó kàn da dúdú pọ̀ mọ́ ọn ni. Aṣọ ewé wà lọ́rùn tòun náà, ṣùgbọ́n kò ta sí ibì kankan.

Mo bọ́ sórí bí ó ṣe tò wọ́n. Mo ní kí wọ́n wo ibi tí oòrùn ti wá. Ọwọ́ òsì wa ló ti wá bá èyí tó jókòó, ìdajì ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdajì ṣókùnkùn. Èyí tó dúró wà nínú yàrá kan náà, lẹ́yìn àga kan náà, síbẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn tirẹ̀ ti wá. Yàrá wo ló ní oòrùn méjì? Òyìnbó náà mú ojú kan, ó yí i padà bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí, ó sì gbé e lé ọrùn èkejì. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ti ń rí i.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì, òun ló sì dùn mọ́ mi jù láti sọ. Ojú èyí tó jókòó, òyìnbó yára yà á ni, ọ̀dà tútù lórí ọ̀dà tútù, ó nípọn níwájú orí débi pé ẹ lè fi ìka kàn án. Lẹ́bàá ojú òsì, ó ya ìpéǹpéjú lẹ́ẹ̀kan, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, nítorí pé ọmọ ń yíra. Ọmọ wo ló máa jókòó jẹ́ẹ́? Ti èyí tó dúró, wẹ́kú wẹ́kú ni, ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn bí abẹ́rẹ́ aránṣọ, kò sí àṣìṣe kan, kò sí ibi kan tó pa rẹ́. Mo ní èmi tí ẹ rí yìí, olùkọ́ ni mí, mo mọ ìwé ọmọ tó ń wo ti ẹlòmíràn kọ. Ìwé rẹ̀ kì í ní ìparẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ yẹn, ara mi yá gágá.

Mo wá sọ ọ́. Mo ní èyí tó jókòó ló wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán, èyí tó dúró ti kú. Mi ò dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ èyí tó kù, àwọn fúnra wọn lè ro ó pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Mo ní Kẹ́hìndé ló yè, Táyé ló kú.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ògúntọ́lá ṣì wà lórí ìdúró látìgbà tó ti sọ̀rọ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé ó dá yín lójú?"

Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ló ń fi ‘yín’ bá mi sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ilé rẹ̀. Ǹ bá ti sọ pé ohun tí ọ̀dà sọ ló dá mi lójú, pé ti orúkọ, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi ò rí orúkọ kankan níbẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn ì bá jẹ́, kò sì gùn. Mo ní ó dá mi lójú.

Ẹnikẹ́ni kò lé Ògúntọ́lá. Ẹ má rò pé wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Wàhábì jẹ mọ́gàjí, ó tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú àwọn ti Ilé Táyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kò gbọ́ ti mọ́gàjí. Bí ọmọ Ilé Táyé bá bá wọn jà nídìí omi, ọ̀rọ̀ kan ló wà tí wọ́n máa sọ tí ìjà fi máa parí. Láàárín oṣù méjì, Ògúntọ́lá kó ìyàwó rẹ̀ Ọ̀ṣunfúnkẹ́ àti Àpèkẹ́ lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn Ayétẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ó mà ṣe o, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Òkìkí mi ti kàn nígbà náà. Wọ́n ń wá láti Lánlátẹ̀ wá fi àwo àtijọ́ àti ère hàn mí, kí n wò wọ́n.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Wàhábì gbé àwòrán náà wá sí Èrúwà. Ó fẹ́ kí n bá a fi férémù tuntun sí i, èyí tó ní gíláàsì. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, mo yọ ìṣó pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣó náà ti dípẹtà, kò sí ẹni tó yọ wọ́n rí látìgbà tí wọ́n ti kàn án. Òyìnbó náà kọ nǹkan sínú pákó yẹn. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń hàn kedere. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Táyé, àkọ́bí, àrólé bàbá rẹ̀, ló jókòó, òun fúnra rẹ̀ ni mo wò yà á. Kẹ́hìndé àbúrò rẹ̀ ló dúró. Ó ti kú lọ́dún tó kọjá, ojú Táyé ni mo fi yà á nítorí ẹkún ìyá wọn. Abẹ́òkúta, 1874.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lójú òyìnbó, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n, òun ló sì ni àga. Wọn ò gbọ́ ti pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́. Èmi sì mọ èyí. Mo ti kà á nípa àwọn ọba wọn àti àwọn ọlọ́lá wọn, mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé nínú àwòrán òyìnbó, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n fún ní àga. Ojú òyìnbó ni mo fi wo ọ̀dà, ojú Yorùbá ni mo fi wo àga. Àwa tó wà ní pálọ̀ yẹn lé ní ogójì, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá ló tò wọ́n. Ògúntọ́lá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìran rẹ̀ di ẹrú, èmi ni mo sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ó yẹ kí n wọ mọ́tò lọ sí Ayétẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé pákó tuntun, mo kàn án mọ́ ẹ̀yìn àwòrán, mo fi férémù tuntun sí i, mo sì gbé e fún Wàhábì. Ó dúpẹ́ gan-an. Pákó àtijọ́ yẹn, inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ni mo tì í sí, lábẹ́ ìwé àwòrán àwọn ọmọ iléèwé. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ parí ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo ní kí òjò dá ná, ọ̀nà Ayétẹ̀ kò dára. Òjò dá. Mo wá ní bóyá ó sàn kí ilé náà fara balẹ̀ báyìí, pé bí mo bá tún un sọ, ìjà ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń rí ojú àwọn tó ń gbé ère wá láti Lánlátẹ̀, mo ń rí ojú bàbá mi.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó lọ. Ohun tó lé mi jáde kò tó nǹkan. Mo mú ọmọbìnrin kan tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò, mo ní kó na ọwọ́, mo gbé pàṣán sókè, n kò sì lè nà án. Mo ní kó lọ jókòó. Ní ọjọ́ kejì tí iléèwé gba ìsinmi kékeré, mo di pákó náà sínú ìró, mo wọ tákísí lọ sí Ayétẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù dé oko.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta. Ó mọ̀ mí, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, ṣùgbọ́n kò dìde. Mo béèrè Bàbá Àpèkẹ́. Ó ní ó wà nínú ilé, kò dé ìdí ebè láti ọ̀sẹ̀ méjì ó lé. Mo béèrè Àpèkẹ́ náà, torí ẹnu ń yún mi láti sọ pé ìgbéyàwó ti dé. Ó wò mí, ó ní ṣé wọn ò sọ fún mi ni. Ohùn jẹ́ẹ́ ló fi rò ó. Àwọn ará Ìgàngán ti ránṣẹ́ ìkẹyìn, pé kí wọ́n má retí àwọn mọ́. Búrẹ́mọ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn. Àpèkẹ́ mu gamalín, oògùn kòkòrò tí bàbá rẹ̀ ń fín sí kòkó. Ó di ọjọ́ méjìdínlógún lónìí. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ní kó tó ṣe é, ó ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n lọ bá Tíṣà, kí Tíṣà tún àwòrán yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá rẹ̀ sì ní ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, kí àwọn má lọ dà á láàmú.

Olùkọ́ ni mí, ìṣirò kì í ṣe mí ní wàhálà. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni pákó náà fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi nígbà tí Àpèkẹ́ ṣì wà láyé.

Mo wọlé lọ bá Ògúntọ́lá. Ó jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo tú ìró, mo gbé pákó náà síwájú rẹ̀. Mo ní mo ti ṣìnà, mo sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un ní Yorùbá. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó na ìka, ó fi tọ ẹsẹ̀ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé. Ó béèrè èwo ni orúkọ Táyé níbẹ̀. Mo fi hàn án. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ní tó bá fẹ́, n óò lọ kà á ní pálọ̀ níwájú gbogbo wọn, n óò sọ pé èmi ni mo ṣì í. Ó mi orí pé rárá.

"Wàhábì náà ní ọmọbìnrin," ó ní. "Rùkáyàt. Òun àti Àpèkẹ́ ni wọ́n jọ ń pọn omi. Fi pákó yìí sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá kú, kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ mi, kí àwọn tí mo bá lọ́hùn-ún rí i."

Inú ń bí mi pé kò bú mi, kò sì lé mi jáde. Ọkùnrin náà yẹ kó lé mi jáde. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, kò sì fi ìbínú béèrè rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo rí i?"

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Mo wo ilẹ̀.

"Àná ni, bàbá," mo ní. "Àná ni mo tú u."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rí i tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò sí ohun tí òun ì bá ṣe. Ó na ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní Ògún á gbè mí. Ó ní bí n kò ṣe jẹ́ kí òtítọ́ sùn ju ọjọ́ kan lọ lọ́dọ̀ mi, tí mo fẹsẹ̀ rìn wá gbé e fún òun, ojú mi kò ní í rí ikú ọmọ, n kò ní í fi ọwọ́ mi sin ohun tí mo bí. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá a lóhùn pé àṣẹ.

Mo ṣe àmín.